Gift: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kúkúrú Kan Nínú Àwọn Èdè Ilẹ̀ Yúróòpù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ ti rí láàrin àwọn alángbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàrin àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè. Ọ̀rọ̀ kan lè ní ìrísí kan náà nínú èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a sì fi lẹ́tà kan náà kọ ọ́, síbẹ̀ kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé kan dé èkejì. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ: gift.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni gift. Àwọn òbí mìíràn láàrin wa tilẹ̀ ti fi sọ ọmọ wọn lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà sí ara ìgò ní ìlú Berlin, kò sí ará Jámánì tí yóò fi ẹnu kan ohun tí ó wà nínú ìgò náà, nítorí pé májèlé ni Gift ní èdè tiwọn. Bí a bá kọjá sí Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn, ìtumọ̀ méjì ni a óò bá pàdé: ọ̀kan ni májèlé, èkejì ni ẹni tí ó ti ṣe ìgbéyàwó. Bákan náà ni ó rí ní Copenhagen àti ní Oslo. Ní Amsterdam, gift tún padà di ọrẹ tí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ, ṣùgbọ́n giftig, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, túmọ̀ sí ohun tí ó ní májèlé nínú.

Báwo ni ẹ̀bùn, májèlé àti ìgbéyàwó ṣe di ará ilé kan náà? Ṣé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tí ìrísí wọn kàn ṣe déédéé, tàbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó pín sí mẹ́ta? Kí sì ni èyí já mọ́ fún àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí a ti ṣe nípa orírun àwa Yorùbá ni a gbé ka orí ọ̀rọ̀ tí ó jọra. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́, tí ìwé àtijọ́ sì pọ̀, kí a lè mọ ohun tí ìjọra ọ̀rọ̀ lè fi hàn àti ohun tí kò lè fi hàn.

Ìdílé Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Wá

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì, èdè Họ́láńdì, èdè Swídìn, èdè Dẹ́nímáàkì, èdè Nọ́wè àti èdè Áísílándì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè a máa pe ẹbí yìí ní Jẹ̀máníìkì. Kò sí ìwé tí a kọ ní èdè ìyá wọn tí ó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, láti ara àfiwé àwọn ọmọ ni a ti mọ̀ ọ́n. Lára àwọn tí ó la ọ̀nà àfiwé yìí ni Rasmus Rask, ará Dẹ́nímáàkì, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1818, àti Jacob Grimm, ará Jámánì, tí ó to òfin ìró náà lẹ́sẹẹsẹ ní 1822. Wọ́n fi hàn pé níbi tí èdè Látìnì bá ti ní ìró p ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìró f ni àwọn èdè Jẹ̀máníìkì ń lò ní ipò rẹ̀. Pater ni baba ní Látìnì, father ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Piscis ni ẹja, fish ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Pes ni ẹsẹ̀, foot ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó mú kí èyí jẹ́ ẹ̀rí ni pé ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ó sì ní ìlànà.

Gbogbo àwọn èdè wọ̀nyí ni ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó túmọ̀ sí "fún". Give ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, geben ni ti Jámánì, geven ni ti Họ́láńdì, giva ni ti Swídìn àtijọ́, gefa sì ni ti Áísílándì. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nípa fífi ìró t kún un ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí drift láti ara drive. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà tiwa nígbà tí a bá fi ì- síwájú fúnni, tí a sì rí ìfúnni. Nítorí náà, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí gift ní ni ìfúnni, yálà a fúnni ní owó ni, tàbí oògùn, tàbí ọmọbìnrin ẹni.

Ibí yìí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà wà. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àlejò nínú ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó pín wọn níyà ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú àwọn ohun tí à ń fúnni, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Láti Owó Orí Dé Ẹ̀bùn

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀bùn ni gift ti ń jẹ́ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bá ohun ìyanu pàdé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, owó orí tí ọkọ san lórí ìyàwó ni gift, bí a bá sì sọ ọ́ di ọ̀pọ̀, ìgbéyàwó ni. Ọba Ine, tí ó jẹ ní ìjọba Wessex láti 688 sí 726, ṣe òfin kan nípa rẹ̀. Òfin náà sọ pé bí ọkùnrin kan bá san owó lórí ìyàwó, tí gyft náà kò sì wáyé, kí àwọn tí ó gba owó dá a padà, kí wọ́n sì san owó ìtanràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye, nítorí pé ẹni tí ó ti ṣe ìdána tí a kò fún ní ìyàwó mọ ibi tí yóò ti lọ béèrè owó rẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn lásán nígbà náà? Giefu tàbí gifu ni. Orúkọ ìyáàfin olókìkí kan ní ọ̀rúndún 11, Godgifu, tí àwọn òpìtàn ìgbà ìkẹyìn ń pè ní Godiva, kò ju "Ẹ̀bùn Ọlọ́run" lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ ní Ẹ̀bùnolúwa. Lẹ́tà g tí ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò dún bí èyí tí ó wà nínú igi. Ó dún bí y tí ó wà nínú ìyá. Nígbà ayé akéwì nì, Geoffrey Chaucer, tí ó kú ní 1400, yifte ni àwọn ará London ṣì ń kọ.

Níbo ni ìró g líle tí à ń gbọ́ lónìí ti wá? Láti ọwọ́ àlejò ni. Ní 793, àwọn jagunjagun orí òkun tí à ń pè ní Viking kó ilé àwọn mọ́ńkì tí ó wà ní Lindisfarne. Ní 865, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá wọn gúnlẹ̀; púpọ̀ nínú wọn kò sì padà sílé mọ́. Wọ́n dá oko, wọ́n fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì tẹ̀dó sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Láti 1016 sí 1035, Knut, ọmọ ọba Dẹ́nímáàkì, ni ó jẹ ọba lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè àwọn àlejò wọ̀nyí àti ti onílé jọra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ní tiwọn, ìró g líle ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n sì ń fi sọ ni ẹ̀bùn àti oríire. Díẹ̀díẹ̀, ìró àlejò àti ìtumọ̀ àlejò borí ti onílé.

Irú rẹ̀ náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹyin adìẹ. Ní 1490, William Caxton, ẹni tí ó mú iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn oníṣòwò kan tí ó béèrè egges lọ́wọ́ obìnrin kan ní agbègbè Kent. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ èdè Faransé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni òun mọ̀, eyren, nígbà tí oníṣòwò ń lo èyí tí àwọn ará àríwá gbà lọ́wọ́ àwọn Viking. Àwọn méjèèjì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbọ́ ara wọn. Báyìí ni gift tí ó jẹ́ ìgbéyàwó ṣe kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gift tí ó jẹ́ ẹ̀bùn sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Ilẹ̀ Jámánì: Láti Ìfúnni Dé Májèlé

Ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, ìfúnni ni gift, kò sì sí ìbẹ̀rù kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ní fún májèlé: eitar. Ọ̀rọ̀ yìí náà ní àwọn ẹbí. Āttor ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é, eitur ni àwọn ará Áísílándì ń pè é títí di òní, inú edderkop tí àwọn ará Dẹ́nímáàkì ń pe aláǹtakùn ni ó sì fara pamọ́ sí. Ní Jámánì òde òní, Eiter kò jẹ́ májèlé mọ́. Omi ọyún tí ń jáde lójú egbò ni. Kí ni ó lé e kúrò ní ipò rẹ̀?

Àwọn oníṣègùn ni. Ní èdè Gíríìkì, dosis túmọ̀ sí ìfúnni. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì, Galen tí a bí ní 129 sì wà lára wọn, ń lò ó fún ìwọ̀n oògùn tí a fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ń kọ èdè Látìnì yá ọ̀rọ̀ náà lò, inú ìwé ìṣègùn Látìnì ni àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì sì ti bá a pàdé ní Sànmánì Àárín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, wọ́n wo ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, ìfúnni, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ilé tiwọn, gift, dípò rẹ̀. Ìró kọ́ ni wọ́n yá. Ìtumọ̀ ni wọ́n yá, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ìbílẹ̀.

Láti ìwọ̀n oògùn dé májèlé, ìrìn náà kò jìnnà. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ kan, pharmakon, tí ó jẹ́ oògùn tí ń wo ni sàn, tí ó sì tún jẹ́ oògùn tí ń pa ni. Yorùbá mọ èyí dáadáa, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ní oògùn ni ẹnì kan ń lò, a ní láti béèrè irú èyí tí ó jẹ́. Èdè Faransé náà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá: poison, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ wọn, wá láti ara potio ti Látìnì, tí kò ju ohun mímu lọ. Ẹnì kan fún ni mu, ẹni tí ó mu ún sì kú.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ ohun búburú ní gbangba. Àwa a máa pe ejò ní okùn ilẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. A máa ní ọba wàjà. Bí wọ́n bá sì ní wọ́n fún ẹnì kan ní nǹkan jẹ, kò sí àgbà tí yóò béèrè pé kí ni nǹkan náà. Gbólóhùn wa yìí àti Gift ti Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Nínú méjèèjì, ìfúnni ni a sọ, ikú ni a gbọ́.

Oníṣègùn kan tí ó gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún 16, Paracelsus, tí ó kú ní 1541, fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ́ni ní èdè Jámánì ní Yunifásítì Basel ní 1527, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo Látìnì. Nínú ìwé kan tí ó kọ ní 1538 láti fi gbèjà ara rẹ̀, ó ṣàlàyé pé májèlé wà nínú ohun gbogbo, àti pé ìwọ̀n tí a fúnni nìkan ni ó ń pinnu bóyá yóò pa ni. Gift ni ó lò fún májèlé, dosis ni ó sì lò fún ìwọ̀n. Àwọn tí ń ka ìwé rẹ̀ kò rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jẹ́ ọ̀kan rí, pé ọmọ ti bá ìyá rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà, tí wọn kò sì kí ara wọn.

Fún ìgbà pípẹ́, ìtumọ̀ méjèèjì jọ gbé pọ̀ ní Jámánì. Èdè náà a máa pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ, abo àti èyí tí kò ṣe akọ tí kò ṣe abo. Gift tí ó jẹ́ ìfúnni wà ní ọ̀wọ́ abo. Èyí tí ó jẹ́ májèlé bọ́ sí ọ̀wọ́ kẹta. Níkẹyìn, májèlé lé ìfúnni jáde kúrò nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìfúnni fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀: Mitgift ni orúkọ ẹrù àti owó tí òbí fi ń tẹ̀lé ọmọbìnrin lọ sí ilé ọkọ, kò sì sí májèlé kankan nínú rẹ̀.

Àwọn Ará Àríwá: Ìgbéyàwó àti Májèlé Nínú Ilé Kan

Ní Swídìn, Dẹ́nímáàkì àti Nọ́wè, ìfúnni tí ọ̀rọ̀ náà mú ni ti ọmọbìnrin. Ẹni tí a ti fún ọkọ ni gift. Nínú àkójọ òfin Swídìn ti 1734, Giftermålsbalken ni orúkọ apá tí ó ń sọ nípa ìgbéyàwó. Ẹnì kan wà nínú òfin náà tí à ń pè ní giftoman, èyí tí í ṣe ọkùnrin tí ó ní àṣẹ láti fi ọmọbìnrin fún ọkọ. Baba ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí baba kò bá sí, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Òfin tuntun ni ó fi òpin sí àṣẹ yìí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí August Strindberg tẹ àkójọ ìtàn kan jáde ní 1884 lórí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, Giftas ni ó pè é. Ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ohun tí ó kọ nínú ìwé náà nípa ẹ̀sìn, wọ́n sì dá a láre lọ́dún náà gan-an. Òfin ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní 1987 yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àkọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, gift ni ọkùnrin tí ó níyàwó, gift ni obìnrin tí ó lọ́kọ. Òfin tí ń fúnni ti kú, ọ̀rọ̀ ìfúnni ṣẹ́kù.

Báwo wá ni májèlé ṣe wọ ilé wọn? Ọ̀nà ọjà ni ó gbà wọlé. Ní Sànmánì Àárín, àwọn oníṣòwò ìlú Lübeck àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Jámánì kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Hansa. Wọ́n ní ilé ìṣòwò ní Bergen, wọ́n pọ̀ ní Visby, wọ́n sì lágbára ní Stockholm tó bẹ́ẹ̀ tí òfin ìlú ní ọ̀rúndún 14 fi fún àwọn Jámánì ní ìdajì ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Lẹ́yìn ogun Brunkeberg ní 1471 ni wọ́n tó gba ipò náà padà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó wọlé pẹ̀lú iyọ̀ àti aṣọ kò níye. Àwọn ará Swídìn ti tipasẹ̀ wọn gba ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ṣíṣe, fún owó sísan àti fún fèrèsé pàápàá. Inú ẹrù yìí ni gift tí ó jẹ́ májèlé wà. Ó dé, ó bá ẹgbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ ìgbéyàwó nílé, wọ́n sì jọ ń gbé títí di òní. Àwọn ará Swídìn a máa fi í ṣe àwàdà, bí àwọn ọkọ àti aya níbi gbogbo ti lè rò ó.

Èyí tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni Áísílándì. Erékùṣù náà jìnnà, agbára Hansa kò sì wọ inú èdè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, giftur ni ẹni tí ó ti gbéyàwó, gifta sì tún jẹ́ oríire. Ṣùgbọ́n májèlé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Eitur àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ibi tí agbára àwọn oníṣòwò kò dé, ìtumọ̀ wọn kò dé ibẹ̀.

Ní Họ́láńdì, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n fi gift sílẹ̀ fún ọrẹ, wọ́n sì gé t kúrò lára èkejì, ó di gif, èyí tí í ṣe májèlé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, t tí wọ́n gé ṣì wà nínú giftig, ó ń jẹ́rìí ohun tí ó ti kọjá.

Èrò Ọ̀mọ̀wé Kan

Ní 1924, Marcel Mauss, onímọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ọmọ ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé, kọ àròkọ kúkúrú kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Gift, gift". Àlàyé dosis nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó rán wa létí pé ohun mímu ni ẹ̀bùn tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn ará Jámánì àtijọ́, àti pé ẹni tí a gbé ife fún kò lè mọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ife títí yóò fi mu ún. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀bùn, tí ó jáde ní 1925, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé kò sí ẹ̀bùn tí kò so okùn mọ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Èmi kò rò pé àlàyé méjèèjì ta ko ara wọn. Àwọn oníṣègùn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìtumọ̀ tuntun. Ìbẹ̀rù tí ń bẹ lọ́kàn ẹni tí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tún padé mọ́.

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ Fún Wa

Èkínní, ìrísí ọ̀rọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Gift tí ó yàtọ̀ pátápátá ní ìtumọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ní ìdà kejì, àwọn ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n jọra ní ìró àti ní ìtumọ̀ tí wọn kò sì bá ara wọn tan. Habere ni "ní" lédè Látìnì, haben ni lédè Jámánì. Ojú yóò rò pé ọ̀kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ìró fi hàn pé capere, tí ó túmọ̀ sí "mú", ni ìbátan haben. Deus ni Ọlọ́run lédè Látìnì, theos ni lédè Gíríìkì. Àwọn náà kò tan. Bí èyí bá lè rí bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn èdè tí ó jẹ́ aládùúgbò, mélòó mélòó ni láàrin èdè tí aginjù ńlá àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún pín níyà. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá jáde, ó sì to ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jọ ti Íjíbítì àtijọ́ jọ láti fi hàn pé ibẹ̀ ni a ti wá. A bọ̀wọ̀ fún làálàá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kò lè gbé ẹrù tí ó dì lé e. Kò sí òfin ìró tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra nínú àwọn àfiwé náà. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni irú èyí tí Ọ̀mọ̀wé Femi Akinkugbe gbà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, nígbà tí ó fi ìró inú àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìtsẹ́kírì àti Ígálà wé ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí a mọ àwọn ìbátan wa tí ó sún mọ́ wa kí a tó ré òkun àti aginjù kọjá.

Èkejì, ẹni tí ń túmọ̀ èdè ní agbára tí ó ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn Jámánì kò gbèrò láti ba ọ̀rọ̀ rere jẹ́. Wọ́n kàn wá ọ̀rọ̀ ilé fún dosis ni, nígbà tí ó sì pẹ́, kò sí ará Jámánì tí ó lè fi Gift ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ mọ́. Irú rẹ̀ kò ha ti ṣẹlẹ̀ sí wa bí? Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ń wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú. Nínú Ifá, Èṣù ni oníbodè, òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, òun sì ni alábòójútó àṣẹ. A bẹ̀rù rẹ̀, a sì nílò rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni kò mọ ìtumọ̀ mìíràn fún orúkọ náà ju ti Bíbélì lọ. Bí eitar ṣe di omi ọyún, tí ìfúnni sì di májèlé, bẹ́ẹ̀ ni oníbodè di ọ̀tá. Ẹ̀sìn yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìtumọ̀ méjèèjì wà, kí ó sì mọ ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ èdè kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ́nnárì tí ó bá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣiṣẹ́ jẹ́ ará Jámánì. David Hinderer, tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ láti 1853, wá láti Württemberg. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Anna. Nínú ilé kan ṣoṣo ní Ìbàdàn, èdè abínibí ọkọ sọ pé májèlé ni gift, èdè abínibí aya sọ pé ẹ̀bùn ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé Yorùbá ìgbà náà láì bi ara rẹ̀ léèrè pé èdè wo ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́, kò tíì kà á tán.

Àwọn ọ̀rọ̀ tiwa náà ti rìn jìnnà. Àṣẹ tí àwọn baba wa kó dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì di axé nínú èdè Potogí ibẹ̀. Agbára tí ń mú ohun gbogbo ṣẹ ni ní ilé òrìṣà, àdúrà àti ìkíni ni ní ìgboro, láti nǹkan bí 1985 wá ni ó sì tún ti di orúkọ irú orin ijó kan tí a mọ̀ mọ́ ìlú Salvador. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i bá bá axé pàdé nínú ìwé, kò ní rí Ilé-Ifẹ̀ nínú rẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà nìyẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá. Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ ńlá tí àwọn arákùnrin Grimm dáwọ́ lé ní 1838. Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1854, Jacob àti Wilhelm sì kú kí iṣẹ́ náà tó dé ìdajì. Àwọn mìíràn gbé e dé òpin ní 1961. Nítorí iṣẹ́ irú èyí ni a fi lè tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin láti ilé ọba Wessex dé ọjà Lübeck. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu àwọn ìyá àti baba wa àgbà ní abúlé kò ní ìwé bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Kí olúkúlùkù wa tí ó bá lọ sílé nígbà ìsinmi mú ìwé àti kálámù dání, kí ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, kí ó kọ ọjọ́ àti ìlú tí ó ti gbọ́ ọ sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni ó ń gbẹ.